Ilé Kò Ní Aṣojú Nínú Ìpàdé

Ìyàwó ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ọkọ rẹ̀ lọ sí pápá iṣẹ́ míṣọ́n pè mí láìpẹ́ yìí. Ó ní kí n bá òun ka ohun tó yẹ kí òun dì sínú ẹrù. Mo kà á fún un: nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì tó ń lo oòrùn, kẹ́ẹ̀gì omi, bàtà òjò, oògùn ibà, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́, a jọ gbàdúrà, ó pa fóònù. Àwọn nǹkan kan kù tí n kò sọ fún un, torí wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dì sínú àpò. Àwọn ni mo jókòó kọ yìí, fún un àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń múra àtilọ, ọkùnrin o, obìnrin o.

Ọmọ Yàgbà ni mí. Ẹni tó bá mọ ìhà tiwa ní Kogí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ míṣọ́n kì í ṣe àlejò létí wa. Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ SIM (Sudan Interior Mission), dé Ẹ̀gbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wà níbẹ̀ títí di òní, ilé ìwòsàn míṣọ́n náà sì wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn yẹn ni wọ́n bí mi sí. A dàgbà bá ìtàn àwọn tó fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú nítorí ìhìnrere, bí wọ́n bá sì ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá wa á máa pòṣé ìyanu. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi, ọmọ Ìjùmú tó ń ṣe tíṣà jẹ́jẹ́ ẹ̀, sọ pé Ọlọ́run ń pe òun sí iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tó bi wá pé kí ni ẹ máa jẹ. Ayọ̀ ni wọ́n bá wa yọ̀. Èmi náà yọ̀, n kò ní parọ́.

Kàbà la ń gbé, àmọ́ inú igbó Bùnú ni iṣẹ́ wà: gáà àwọn Fúlàní, abúlé àwọn Bàsá àti Ebira tó wá dáko, àti àwọn tó ń sun èédú. Máṣíìnì lọkọ mi fi ń káàkiri ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọdún wa ṣe ń lọ, torí inú ètò ọdún yẹn gan-an ni wàhálà fara pa mọ́ sí. Ọ̀nà igbó Bùnú kì í ṣe é gbà lójò, ẹrẹ̀ á gba máṣíìnì dé ìdajì táyà. Ẹ̀ẹ̀rùn la lè rí àwọn èèyàn. Ẹ̀ẹ̀rùn náà lọwọ́ àgbẹ̀ ń dilẹ̀ díẹ̀, tí àwọn darandaran sì ń kó màlúù sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa nítorí koríko àti omi. Torí náà, bí a bá ti ṣọdún tuntun tán, títí dìgbà Àjíǹde, ọkọ mi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ oṣù wọ̀nyẹn náà ni kajú ń bọ́.

Ẹni tí kò ní oko kajú lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Kajú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí èso bá ti jábọ́, kí o ṣa á, kí o yí kóró kúrò lára rẹ̀, kí o sá a sóòrùn, kí o gbé e wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Bí o bá jẹ́ kó sùn nílẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, ọ̀rinrin á bà á jẹ́, tàbí kí ẹlòmíràn ti bá ọ ṣa á. Oko tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ fún un ni owó iléèwé àwọn ọmọ ti ń jáde. Òun náà ló ń ra epo sí máṣíìnì, torí ohun tí àwọn tó rán wa ń fún wa kì í bá wa dé òpin oṣù. N kò ní dárúkọ wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, owó náà ni kò sí.

Báyìí la ṣe pín iṣẹ́ láìjókòó sọ ọ́: òun nínú igbó, èmi àti àwọn ọmọ nínú oko. Aránṣọ ni mí, aṣọ Àjíǹde sì ń kó jọ sórí ẹ̀rọ mi ní àkókò kan náà. Nígbà tó yá, èmi pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ, mò ń kọ́ àwọn obìnrin gáà ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú, mò ń sọ ìtàn Bíbélì fún àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè Fúlàní tí mo gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó ka ìyókù: kò sẹ́ni tó fà mí lọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá rí obìnrin kan tó kọ́kọ́ ń sá fún wa tó wá jókòó tì mí tó ní kí n wo bí òun ṣe rán etí aṣọ, inú mi máa ń dùn kọjá bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ àlejò ni kí n kọ́kọ́ fà yọ, torí ibẹ̀ ni ilé ti kọ́kọ́ ya mọ́ wa lọ́wọ́. Ilé míṣọ́nnárì kì í ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ lọ Bùnú láàárọ̀, ọ̀dọ̀ wa ló máa sùn mọ́jú. Ẹni tó bá dé láti Bùnú lálẹ́, ọ̀dọ̀ wa náà ni. Aláìsàn tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn, àwọn ẹbí rẹ̀ á bá wa gbé títí tí yóò fi gbádùn. A ń gún iyán, a ń gún òmíràn lé e. Èmi ni mo ń pín ẹran, mo sì mọ bí mo ṣe ń pín in: ti àlejò lákọ̀ọ́kọ́, ti ọkọ mi tẹ̀lé e, ìyókù fún àwọn ọmọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sí ìyókù. Ọmọ mi obìnrin, òun ni àkọ́bí, ló máa ń dìde fún àlejò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kan tí mò ń tún yàrá ṣe, mo rí ìrọ̀rí rẹ̀ lẹ́yìn àpò gàrí. Ó fi pa mọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ó fẹ́ kí ìrọ̀rí jẹ́ tirẹ̀. Mo dá a padà síbi tó wà, n kò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan á ka èyí, wọ́n á ní ọmọ mélòó ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò sùn sórí ẹní nítorí àlejò. Òótọ́ ni. Èmi náà sùn sórí ẹní. Àmọ́ àlejò ilé bàbá mi máa ń lọ, a sì máa ń mọ ọjọ́ tí yóò lọ.

Ọ̀rọ̀ iná ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní kajú mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti ń wọlé, iṣẹ́ kan wà tí a kì í fi jáfara: kí a ro etí oko yí ká, kí a gbá ewé gbígbẹ kúrò, kí iná má baà rí ohun tí yóò jẹ débi igi. Àwọn ọdẹ ń sun igbó, àwọn darandaran ń sun koríko, ọmọdé ń lé òkété. Iná kò ní olówó. Lọ́dún náà, mo sọ ọ̀rọ̀ etí oko yìí fún ọkọ mi nínú Oṣù Kejìlá, ó ní bí a bá ti ṣe ìpàgọ́ ọdún tuntun tán. A ṣe ìpàgọ́ tán, ìdálẹ́kọ̀ọ́ dé. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ tán, ọ̀sẹ̀ ìwàásù ní Bùnú dé, èmi náà sì ti fi orúkọ sílẹ̀ pé mò ń bá wọn lọ. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi pè wá pé iná ti wọ oko.

Kí a tó dé, ó ti jó kọjá. Ilẹ̀ dúdú, ó ṣì ń gbóná lábẹ́ bàtà. Àwọn igi tó wà létí òdò yè é, ìyókù dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ewé pupa lórí, òdòdó tó yẹ kó di èso ti gbẹ mọ́ ẹ̀ka. Kajú tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn á tó ọdún mẹ́ta kó tó so ohun tó mọ́yán lórí, torí náà ẹ lè rò ó bí owó iléèwé ṣe rí lọ́kàn mi. Àwọn ará ìjọ wá kí wa. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, wọ́n ní èṣù ń jà torí iṣẹ́ náà ń lọ síwájú. Mo ṣe àmín. Nínú ọkàn mi, mo mọ̀ pé èṣù kọ́ ló yẹ kó ro etí oko.

Ọmọ wa obìnrin lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìlọrin lẹ́yìn ìyẹn, torí àǹtí ní òun á sanwó iléèwé. Gbogbo èèyàn ní Ọlọ́run ti pèsè. Bí a ṣe ń di ẹrù rẹ̀ fún un, ó mú ìrọ̀rí náà dání.

Àbíkẹ́yìn ló wá fọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú. A máa ń gbàdúrà ìdílé lálẹ́ bí bàbá wọn bá wà nílé, a á sì ní kí oníkálukú gbàdúrà kúkúrú. Ó kan ọmọ náà, ó di ojú, ó ní, "Olúwa, jẹ́ kí máṣíìnì Dádì bàjẹ́, kí mẹkáníìkì má sì rí i ṣe." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wọn náà rẹ́rìn-ín, ó ní àdúrà wo rèé. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó ń wò wá, ó ń retí kí a ṣe àmín. Lóru, mo gbọ́ tí ọkọ mi ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ìyá wọn, ṣé o sùn?" Mo ní n kò sùn. Ó ní, "Ọmọ yẹn ń gbàdúrà lòdì sí mi." N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ara mi náà ń sọ̀rọ̀. Orí ń fọ́ mi láti ìpàkọ́ wá, àyà mi ń já bí mo bá gun òkè díẹ̀, oorun kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ibà ni mo pè é. Ní ìhà tiwa, kí ni a kì í pè ní ibà? Mò ń ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, mò ń lò ó, orí á ṣe bí ẹni fúyẹ́, á tún padà. N kò ṣàyẹ̀wò rí, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣe lórí pátákó kékeré yẹn kì í gbà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Èmi tí mo ń gbé àwọn obìnrin gáà lọ ṣe é!

Ọjọ́ tí àṣírí tú, àwa gan-an la ṣètò rẹ̀. A kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí gáà kan láti wo àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi irúgbá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, àwọn obìnrin sì fà sẹ́yìn. Ẹ̀rù aṣọ tó ń wú tó sì ń fún èèyàn lápá ń bà wọ́n. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó kí wọ́n rí i pé kì í pààyàn." Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo na ọwọ́, mo ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Aṣọ náà wú, ó fún mi, ó tú. Nọ́ọ̀sì wo ojú ẹ̀rọ. Ó tú u, ó dì í mọ́ apá kejì, ó ní kí n má sọ̀rọ̀. Ó tún wò ó. Kò sọ nǹkan kan lójú wọn. Ó rọra fà mí lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó fún mi lómi, ó ní kí n jókòó, kí n má ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó tún ga: 170 lórí 110. Ó bi mí bóyá wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi rí. Mo rántí pé nínú oyún àbíkẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi wú, wọ́n sì ní kí n máa wá kí wọ́n máa wò mí lẹ́yìn ìbímọ. N kò lọ. Ó ní obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru nínú oyún, ó yẹ kó máa ṣọ́ ọ títí ayé, torí ó rọrùn kó padà wá.

Ẹ bá mi gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin obìnrin pápá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ìlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ló ní in tí orí kò fọ́ rárá. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà. Oògùn tí wọ́n fún mi kéré bí ọmọ ìlẹ̀kẹ̀, àràárọ̀ ni. Nígbà tí ara mi mókun, mo rò pé mo ti gbádùn, mo dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ tún ru. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé oògùn ló mú ara mókun, kì í ṣe pé àìsàn ti lọ. Nígbà ààwẹ̀ ọdún tuntun, mo lọ béèrè bí n ṣe máa lò ó kí n tó bẹ̀rẹ̀, n kò sì gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ mọ́. Mo dín iyọ̀ kù, mo dín magí kù, èyí sì ṣòro jù ààwẹ̀ lọ. Àwọn kan ní mo ti ń gbẹ́kẹ̀ lé oògùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí mo ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́ẹ̀tì.

Àsìkò tí wọ́n ní kí n sinmi nílé ni mo ráyè ronú. Mo ronú nípa àwọn tí a ń pe orúkọ wọn ní ìwàásù. Ní 1893, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí SIM ti ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ tó wà lókè Ọya. Kí 1894 tó parí, àìsàn ti pa Gowans àti Kent, Bingham sì padà sí Kánádà. Ọdún 1902 ni àwọn SIM tó rí ibi fìdí múlẹ̀ sí, ní Pàtígi. Ìtàn yẹn la máa ń sọ, ibi ikú la sì máa ń dúró sí, a ó ní ẹ wo ìfara-ẹni-rúbọ. A kì í sọ ohun tí ikú wọn kọ́ àwọn tó kù. Wọ́n kọ́ ilé ìsinmi sí Miango lẹ́bàá Jos, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, kí ẹni tó bá rẹ̀ lè lọ gba okun. Wọ́n ń fún èèyàn ní àkókò láti padà sílé rí àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n ṣètò iléèwé fún àwọn ọmọ, ìyẹn náà ní Miango. N kò ní kí a ṣe tiwa bí tiwọn, ọmọ kékeré tó ń gbé jìnnà sí ìyá rẹ̀ kò wù mí, mo ti tọ́ díẹ̀ wò nínú rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n kọ ìsinmi àti ọmọ sínú ètò iṣẹ́, wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún un. Àwa jogún iṣẹ́, a kò jogún ìyẹn.

Mo tún ka Ẹ́kísódù 18. Gbogbo pásítọ̀ ló ti fi orí yẹn wàásù, pé Jẹ́tírò gba Mósè nímọ̀ràn kó yan àwọn alákòóso kó má baà rẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí Jẹ́tírò tó la ẹnu lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó ti kó Sípórà ìyàwó Mósè àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì wá bá a láti ibi tí Mósè dá wọn padà sí. Ọjọ́ kejì ló tó dé orí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ àti àwọn alákòóso. N kò gbọ́ ìwàásù kankan lórí ẹsẹ yẹn rí. Mo kà á fún ọkọ mi, ó ní kí n tún un kà.

Ohun tí mo wá rí ni pé inú ìpàdé ni iṣẹ́ ti ń gba ọjọ́, ti ń gba owó, ti ń gba èèyàn, ilé kò sì ní aṣojú níbẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó ní Oṣù Kọkànlá láti ṣètò ọdún, Bùnú ní ẹni tó ń gbẹnu sọ fún un, ẹgbẹ́ akọrin ní in, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní in. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ọjọ́ yìí ni wọ́n ń bẹ àwọn ọmọ wò níléèwé. Nítorí náà, ọjọ́ tó bá ṣẹ́kù ni tilé, bí ẹran tó bá ṣẹ́kù. A kì í ṣe òbí búburú. A kàn jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ máa jẹ ohun tí wọn kò kọ.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo ní kí ọkọ mi jẹ́ kí n bá òun lọ. Nígbà tí wọ́n dé orí kàlẹ́ńdà, mo nawọ́, mo ní mo ní ọjọ́ mélòó kan tí mo fẹ́ kí wọ́n bá wa kọ: ọjọ́ tí a ó ro etí oko, ọ̀sẹ̀ tí kajú ń bọ́ jù, ọjọ́ àbẹ̀wò iléèwé, ọjọ́ ilé ìwòsàn. Ilé dákẹ́. Bàbá alàgbà kan bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Pásítọ̀, ẹ má bínú o. A kì í kọ oko sínú ìwé iṣẹ́ Olúwa."

Mo wo ọkọ mi. A kò jọ sọ ohun tó máa sọ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́. Oko yẹn ló ń ra epo tí mo fi ń dé Bùnú. Lọ́dún tó jó, ẹ rí i pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń lọ."

Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn ló bá wa parí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun." Wọ́n kọ ọ́.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan dẹ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn ohun tó ràn wá lọ́wọ́ kò ju kéékèèké lọ. Ọ̀sẹ̀ ìwàásù Bùnú sún síwájú, ó bọ́ sí Oṣù Kejìlá, kí kajú tó bẹ̀rẹ̀. Koríko kò tíì gbẹ tán nígbà yẹn, àwọn darandaran tó ti dé kò sì pọ̀, ìyẹn sì ṣì ń dun ọkọ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá wa ro etí oko, a se ẹ̀wà fún wọn. Mo ra mátírẹ́ẹ̀sì kan sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ni àlejò ń sùn. Ẹni tó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ń bi í nípa ìgbà tí yóò lọ, torí bí ó bá jẹ́ èmi ni mo béèrè, wọ́n á ní mo lé àlejò. Ẹran, mo ń pín ti àwọn ọmọ lákọ̀ọ́kọ́ báyìí, mo sì ń bò ó. Owó iléèwé ń lọ sínú àjọ àwọn aránṣọ tààrà, kì í gba ọwọ́ wa kọjá, torí owó tó bá wà nílé míṣọ́nnárì, ẹnìkan á dé pẹ̀lú ìṣòro kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Ajé la mú gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ilé. Ọkọ mi kì í jáde, kì í gba àlejò kí oòrùn tó wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń jókòó bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, ó ń wo fóònù, ó ń wá ohun tí yóò tún ṣe lára máṣíìnì. Àbíkẹ́yìn ló ń bá a di sípánà mú. Ọmọ tó gbàdúrà kó bàjẹ́!

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà wọ ètò wa. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu lójú ọ̀nà ìhà wa, ìlérí wà láàárín èmi àti rẹ̀ pé agogo mẹ́ta ọ̀sán kò gbọdọ̀ bá a nínú igbó, bí ìwàásù dùn bí kò dùn. Ó máa ń pè kó tó gbéra, ó máa ń sọ ọ̀nà tó máa gbà. Ẹ̀ẹ̀kan tó sùn síbẹ̀ torí pé ilẹ̀ ti ṣú mọ́ ọn, mo gbádùn rẹ̀ ju kó máa fi ìgbàgbọ́ bọ̀ lóru.

Àwọn kan ní iná wa ti lọ sílẹ̀. Ẹnìkan sọ ọ́ sí mi lójú ní ọjà Kàbà, lórí tòmátì. Ó dùn mí, n kò ní ṣe bí akọni. Iye gáà tí a ń dé lóòótọ́ ti dín kù. Àmọ́ àwọn méjì nínú àwọn obìnrin tí mo kọ́ ní rírán aṣọ ló ń kọ́ àwọn míì báyìí, n kò sì sí níbẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ṣì wà ní Ìlọrin. Nígbà tí owó wà, a ní kó padà wálé, ó ní òun kò ní padà, iléèwé òun ti mọ́ òun lára. A kò fipá mú un. Ó ń wá nígbà ọlidé, kò sì sí àlejò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àmọ́ ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá díẹ̀ kó tó wọlé. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé òun kò ní fẹ́ pásítọ̀ láéláé. Mo ní kó fẹ́ ẹni tó bá wù ú.

Ìpàdé Oṣù Kọkànlá tún ń bọ̀. Ẹ̀yìn ń dun ọkọ mi nítorí máṣíìnì, dókítà sì ti ní kó wá ya fọ́tò rẹ̀, ọjọ́ yẹn wà lára ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kọ. Èyí tó le níbẹ̀ ni owó epo. Mo ti ṣírò ohun tó ń lọ láti inú kajú sínú táńkì máṣíìnì lọ́dún, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n aṣọ mi, mo fẹ́ kí ìjọ máa san ìdajì. Bàbá alàgbà yẹn ti gbọ́ fìnrínfìnrín, ó ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ rí ìwé náà.